Kí ẹ tó wá jókòó níwájú wa ní Marina

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì ní Akoka, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá ṣe àgùnbánirọ̀ tán kẹ́ ẹ tó múra iṣẹ́. Ìwé àwọn tó ń wáṣẹ́ ni mò ń kà ní ọ́fíìsì kan ní Marina.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá orúkọ yín bára mu lórí WAEC, JAMB àti NIN. Bí kò bá bára mu, ẹ tètè ṣàtúnṣe.

Ojú ewé kan tó fún CV yín. Ẹ má kàn kọ pé aláápọn ni yín. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ ṣe. Bẹ́ ẹ bá ń bá ìyá yín ta aṣọ ní Balógun, tó jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà sílẹ̀, ẹ kọ ọ́: iye oníbàárà, bẹ́ ẹ ṣe ń ṣírò rẹ̀, bóyá Excel lẹ lò. Irú ìyẹn ló máa ń mú kí n pe èèyàn.

“Sọ fún wa nípa ara rẹ” la sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Kì í ṣe ìtàn ìdílé là ń bèèrè o! Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ kọ́, ohun tẹ́ ẹ ti fi ṣe, àti ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ iṣẹ́ yìí gan-an. Ẹ sọ ọ́ sókè sétí ọ̀rẹ́ kan ṣáájú ọjọ́ náà.

Afárá Third Mainland kì í ṣeé fọkàn tán láàárọ̀ Mọ́ńdè. Bó bá jẹ́ aago mẹ́sàn-án la pè yín, ẹ ti wà ní CMS láago mẹ́jọ.

Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kó tó gbà yín síṣẹ́, ẹ má san kọ́bọ̀.

Bá a bá ní ṣé ẹ ní ìbéèrè, ẹ bi wá pé kí lẹni tó bá gba iṣẹ́ náà máa ṣe lóṣù mẹ́ta àkọ́kọ́.