Bí èmi àtàwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe ṣe tíkẹ́ẹ̀tì oúnjẹ alámọ̀ bíi tàwọn ará Palmyra

Ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì. Nígbà tá a dé orí àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Róòmù láyé àtijọ́, mo ní n ò ní fi àwòrán nìkan hàn wọ́n, a máa ṣe nǹkan tí wọ́n á fọwọ́ ara wọn mọ. Ohun tí mo mú ni àwọn àmì amọ̀ kéékèèké tí wọ́n hú jáde ní Palmyra, ìlú oníṣòwò kan láàárín aṣálẹ̀ Síríà.

Kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí wọ́n ń fi í ṣe. Tí olówó kan tàbí ẹgbẹ́ àlùfáà bá fẹ́ ṣe àsè fún òrìṣà wọn níbẹ̀, bóyá Bel ni o, bóyá Aglibol tàbí Nabu tàbí Arsu, kì í ṣe gbogbo ìlú ló máa wọlé, ẹni tí wọ́n pè ló máa ní àmì amọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n kéré gan-an, púpọ̀ nínú wọn ò ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ. Lójú kan wàá rí àlùfáà tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sórí àga gígùn, ó dé fìlà gíga tí orí ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, lójú kejì orúkọ òrìṣà, tàbí orúkọ ẹni tó ń náwó, tàbí òǹtẹ̀ òrùka. Àwọn onímọ̀ to irú ẹ̀ tó lé ní 1,100 jọ ní 1955, irú ẹ̀ ni mo wí o, mi ò tíì ka ẹyọ, torí irú kan lè ní ẹyọ rẹpẹtẹ.

Àwọn ọmọ wá bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ amọ̀, ṣé wọn ò lówó ni? Ìbéèrè yẹn dáa gan-an ni, torí Palmyra lówó, ràkúnmí wọn ló ń gbé sílíìkì àti tùràrí gba aṣálẹ̀ kọjá, owó idẹ àti fàdákà ò ṣàjèjì sí wọn rárá. Ìgbà tá a fọwọ́ ara wa ṣe é ni ìdáhùn yé mi.

Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Dàda, l'Ókèlele n'Ílọrin, ni mo ti ra amọ̀. Amọ̀ ìkòkò máa ń ní òkúta wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ nínú, ìkòkò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ torí iná, àmọ́ tó o bá fẹ́ kí ojú àwòrán kékeré yọ, o gbọ́dọ̀ rẹ ẹ́ sómi, kó o fi asẹ́ aláṣọ sẹ́ ẹ, kó o wá dà á sórí àpò ìrẹsì kí omi ẹ̀ lè fà. Mọ́ọ̀dù ńkọ́? P.O.P tí wọ́n fi ń ṣe sílìn ni, mo pò ó, mo dà á sínú páálí ìṣáná, nígbà tó le tán àwọn ọmọ fi ìṣó àti abẹ́rẹ́ gbẹ́ àwòrán sí i. Ibi tó o bá gbẹ́ wọnú ló máa yọ síta lára amọ̀, lẹ́tà sì gbọ́dọ̀ dojú kọ ẹ̀yìn kó tó lè ṣeé kà. P.O.P dáa fún iṣẹ́ yìí torí ó máa ń fa omi, amọ̀ kì í lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀yìn àmì náà ni mo fẹ́ràn jù. Màmá kan nínú ẹgbẹ́ òbí ló fẹ́ sanwó oúnjẹ ìparí táàmù, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yá wa ní òrùka wọn tó ní òdòdó lórí, pé tiwọn ló yẹ kó wà níbẹ̀ torí àwọn ni olówó àsè. Wọ́n ní àwọn á wá tẹ̀ ẹ́ fúnra àwọn! Wọ́n jókòó ti àwọn ọmọ, ẹnì kan ń ká amọ̀ róbótó, ẹnì kan ń tẹ̀ ẹ́ sínú mọ́ọ̀dù, màmá ń fi òrùka lu ẹ̀yìn ẹ̀, ó sì ń lọ gẹ́rẹ́. Amọ̀ gbọ́dọ̀ ti gan díẹ̀ o. Tó bá ṣì ń lẹ̀ mọ́ ìka, kò tíì tó, tí etí ẹ̀ bá ń sán nígbà tó o tẹ̀ ẹ́, ó ti kọjá. Kí ilẹ̀ tó ṣú a ti ṣe èyí tó kárí gbogbo kíláàsì tó sì ṣẹ́kù, láìyọ́ irin, láìwọn ohunkóhun lórí ìwọ̀n, òǹtẹ̀ ẹni tó pè wá sì wà lára gbogbo ẹ̀. Ìdáhùn sí ìbéèrè wọn nìyẹn lójú tèmi: amọ̀ ni wọ́n lò torí pé ó ń gba òǹtẹ̀ kíákíá.

Inú ibòji la ti gbẹ wọ́n, torí oòrùn máa ń jẹ́ kó ká. Lẹ́yìn náà mo kó wọn padà lọ bá àwọn ìyá, wọ́n kó o sínú ìkòkò kékeré kan, wọ́n fi àpáàdì bo ẹnu ẹ̀, wọ́n tì í sáàárín ìkòkò tiwọn kí wọ́n tó kó igi àti koríko lé e lórí. Ìyá kan mú ọ̀kan, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní, "Kí lẹ fẹ́ fi wóró-wóró yìí ṣe?" Mo ní, "Ìyá, tíkẹ́ẹ̀tì oúnjẹ ni mà." Wọ́n ní, "Háà, bíi táàgì ìnáwó." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí.

Kí ọjọ́ oúnjẹ tó pé, ọmọbìnrin kan sọ fún mi pé òun lè ṣe ayédèrú ẹ̀. Mo ní kó ṣe é, mo fẹ́ rí i. Ó tẹ amọ̀ tútù mọ́ èyí tá a ti sun, ó sọ ọ́ di mọ́ọ̀dù, ó wá tẹ tiẹ̀ jáde. Àwòrán yọ o, àmọ́ amọ̀ máa ń sún kì tó bá gbẹ, tó bá tún kan iná á sún kì sí i, èyí tó ṣe wá kéré ju ti gidi lọ, tó o bá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ojú á rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, òdòdó ẹ̀yìn ẹ̀ ò sì bá òrùka màmá mu mọ́. Inú mi dùn débi pé mo pe gbogbo kíláàsì wá wò ó.

Lọ́jọ́ náà alásè ń gba àmì kan, ó ń bu abọ́ kan. Kò sẹ́ni tó béèrè àmì ẹ̀ padà, iṣẹ́ ẹ̀ ti tán nìyẹn. Ní Palmyra, inú gọ́tà gbọ̀ngàn àsè tó wà ní tẹ́ńpìlì Bel ni wọ́n ti rí púpọ̀ nínú wọn, ní tẹ́ńpìlì Arsu sì rèé, wọ́n rí èyí tó lé ní 100 nínú ìkòkò kan ṣoṣo. Àwọn kan tiẹ̀ ní ìwọ̀n oúnjẹ tàbí wáìnì lára. Tẹ́ńpìlì Bel yẹn, ọdún 32 lẹ́yìn Kristi ni wọ́n yà á sí mímọ́, àwọn agbésùnmọ̀mí fi bọ́ǹbù fọ́ ọ ní 2015, ó dùn mí títí dòní, nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tí wọ́n jù sí gọ́tà ló kù tá a fi ń mọ ẹni tó jẹun níbẹ̀.

Àwọn ọmọ wá ń béèrè pé Róòmù gangan ńkọ́. Mo sọ fún wọn pé òjé ló pọ̀ jù níbẹ̀, pé Augustus, olú ọba wọn, ń pín àlìkámà fún ọkùnrin tó lé ní 200,000 láàárín ìlú, àmì sì wà fún ìyẹn náà, pé Titus, tóun náà jẹ́ olú ọba, ju bọ́ọ̀lù igi kéékèèké sáàárín èrò nígbà tí wọ́n ṣí Colosseum, gbọ̀ngàn ìwòran ńlá wọn, ní ọdún 80, ohun tí wọ́n bá kọ sára èyí tó o bá he lo máa lọ gbà, oúnjẹ, aṣọ, ẹṣin, kódà ẹrú. Wọ́n ní ti Róòmù ló kàn. N ò lè jẹ́ kí ọmọdé yọ́ òjé, májèlé ni, àbẹ́là la máa yọ́. Ní Ostia, ìlú èbúté Róòmù, wọ́n rí mọ́ọ̀dù òkúta funfun tí wọ́n la ojú ọ̀nà tóóró sí láti ihò kan dé èkejì kí òjé lè ṣàn kárí, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe máa gbẹ́ P.O.P tiwa, ọmọbìnrin tó ṣe ayédèrú yẹn ló sì máa gbẹ́ ẹ.