Bí Mo Ṣe Tọpa Orúkọ Smith Kan Dé Ìdí Rẹ̀ ní Cavan

Smith ni orúkọ bàbá àgbàlagbà kan tí a jọ ń gbé àdúgbò ní Dublin, wọ́n sì gbà pé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni baba ńlá wọn ti wá. Nígbà tí mo gbọ́ pé ará Crosserlough ní káúńtì Cavan ni ìdílé wọn, ara fu mí, nítorí pé ọ̀pọ̀ Smith agbègbè yẹn ló jẹ́ Mac an Ghabhann, ìyẹn ọmọ alágbẹ̀dẹ ní èdè Irish, kí wọ́n tó sọ ọ́ di Smith, ìyẹn alágbẹ̀dẹ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn wádìí rẹ̀.

Ìwé ìkànìyàn ọdún 1901 àti 1911, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo rí bàbá wọn àgbà níbẹ̀: àgbẹ̀ ni, ọmọ ìjọ Kátólíìkì sì ni. Ẹ̀sìn nìkan kò tó ẹ̀rí, mo bá tún lọ sẹ́yìn.

Ẹ̀yìn yẹn gan-an ló le. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló ba ìwé ìkànìyàn ọdún 1861 sí 1891 jẹ́, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣáájú wọn sì jóná nígbà tí iná jó Four Courts, ilé ẹjọ́ ní Dublin tí wọ́n ń kó ìwé ìjọba pa mọ́ sí, lọ́dún 1922. Mo yà sí Griffith's Valuation, ìwé tí wọ́n fi díyelé ilẹ̀ àti ilé ní Ireland, tí wọ́n tẹ̀ jáde láàárín ọdún 1847 sí 1864, kí n lè mọ abúlé tí ìdílé náà ti ń dáko àti ẹni tí wọ́n ń san owó ilẹ̀ fún. Abúlé yẹn ni mo mú lọ sínú ìwé ìrìbọmi ìjọ, tí ilé ìkàwé àpapọ̀ Ireland gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2015.

Yíǹkì rẹ̀ ti ṣá, ìkọ̀wé àlùfáà sì rí jágajàga, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Ọmọ ìyá méjì, bàbá kan náà, abúlé kan náà: wọ́n kọ Smith fún ẹ̀gbọ́n, wọ́n kọ M'Gowan, ìyẹn Mac an Ghabhann bí wọ́n ṣe ń kọ ìró rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, fún àbúrò.

Àwọn kan a máa tọ́ka sí òfin ọdún 1465, tó ní kí àwọn ọmọ Ireland tó wà ní Dublin, Meath, Louth àti Kildare máa jẹ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì, irú bí orúkọ ìlú, àwọ̀ tàbí iṣẹ́ ọwọ́. Cavan kò sí nínú wọn, nítorí náà n kò rò pé òfin yẹn ló yí orúkọ yìí padà. Ìlò èdè Gẹ̀ẹ́sì ní kóòtù àti lọ́dọ̀ onílẹ̀ ni mo fura sí.

Mo kọ Mac an Ghabhann sínú ìwé fún bàbá náà, mo sì fi kún un pé Nic an Ghabhann ni ọmọbìnrin wọn yóò máa jẹ́, nítorí pé ọkùnrin ni Mac wà fún.