Bí ẹ ṣe máa kọ́ ohùn lírìkì tẹ́nọ̀ láti Ìkòròdú níbí

Ẹ̀yin tẹ́nọ̀ (ohùn ọkùnrin tó ga) kwáyà Ìkòròdú, ẹ gbọ́ o, ọ́pẹ́rà, eré orí ìtàgé tí wọ́n ń fi orin ṣe, ò lo máìkì. Ohùn yín nìkan ló máa la gbogbo ọ̀kẹ́sírà kọjá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá, igbe tá a fi ń bá dírọ́ọ̀mù jà lọ́jọ́ Sunday ò sì lè gbé yín débẹ̀. Lírìkì ni mò ń sọ ṣá, ohùn tó fúyẹ́ tó sì dùn, irú tó ń kọ ipa olólùfẹ́ bíi Rodolfo nínú ọ́pẹ́rà La bohème. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yára kó orin wúwo lé e lórí.

Èémí ló ṣáájú. Ẹ pa jẹ́n, ẹ dúró dáadáa, ẹ gbọ́wọ́ lé ibi tí egungun ìhà parí sí, ẹ mí sínú láìgbé èjìká, ọwọ́ yẹn gbọ́dọ̀ sún síta. Ẹ wá máa tú u díẹ̀díẹ̀, "sss", kó má já. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kí ètè máa gbọ̀n "brrr" bí ọmọdé tó ń fẹnu wa mọ́tò, láti dó lọ sí sọ̀, kẹ́ ẹ sì padà.

Wàhálà gan-an wà ní F sí G tó wà lókè C àárín kíbọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ wa ti ń na ọrùn, tí iṣan á yọ síta. Rárá o. Ẹ sọ àgbọ̀n kalẹ̀, ẹ fa "a" sọ́dọ̀ "ọ" díẹ̀, ẹ kọ ọ́ jẹ́jẹ́ títí tí ò fi ní fọ́ mọ́.

Èdè Ítálì, tí wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ ọ́pẹ́rà, ò le tó bẹ́ẹ̀: fáwẹ́lì méje ló ní, a, e, ẹ, i, o, ọ, u, bíi fáwẹ́lì àìránmúpè tiwa gẹ́lẹ́ (àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ló ń làágùn lórí ẹ̀).

Ilé-ẹ̀kọ́ orin MUSON wà ní Onikan, BRT Ìkòròdú sí TBS á já yín sílẹ̀ nítòsí. Àmọ́ ẹ má tìtorí ẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ jàre. Pavarotti, gbajúmọ̀ tẹ́nọ̀ Ítálì, ọmọ oníbúrẹ́dì ní Modena, 1954 ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Arrigo Pola tí ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, ó ṣe tíṣà, ó ta ìnṣọ́ránsì, 1961 ló tó kọ Rodolfo ní Reggio Emilia.

Tí vigil bá bọ́ sí Friday tí lẹ́sìnnì sì wà ní Saturday, ẹ sọ fún kwáyàmásítà pé ẹ ò ní lè kọ lead. Á bínú, ẹ bẹ̀ ẹ́.