Ojú Ewúrẹ́ Tó Ń Ṣomi: Ibi Tó Yẹ Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Nígbà ọyẹ́ kan, ojú ewúrẹ́ ìyá mi ní Ìkéré-Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi. Mo ra oògùn ojú, mo ń fi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó di ọjọ́ karùn-ún, ewúrẹ́ kú. Ojú kọ́ ló ń ṣe é. Ikun wà ní imú rẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru ti lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, èmi ò wò ó.

Nítorí náà, kí ọwọ́ yín tó kan ojú ẹran, ẹ yẹ imú, ẹnu àti ìdí rẹ̀ wò. Bí ìpin bá kún ojú méjèèjì, tí imú ń dà, tí egbò wà lẹ́nu, tó ń yàgbẹ́ gbuuru, tí ara rẹ̀ sì gbóná, ó lè jẹ́ àrùn ewúrẹ́ àti àgùntàn tí wọ́n ń pè ní PPR. Àrùn yìí kò ní oògùn tó ń wò ó, ó sì máa ń kó ewúrẹ́ àti àgùntàn lọ lọ́wọ̀ọ́wọ́. Ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ pe dókítà ẹran. Ẹ má tà á o! Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà. Kí ọyẹ́ tó dé ni kí wọ́n ti gbà á. Ìyá mi alára, ìrù ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ ń gbé báyìí kó tó wo ojú.

Bó bá jẹ́ ojú nìkan, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan di ìwo rẹ̀ mú, kí ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá funfun bí ẹ̀kọ dípò kó pọ́n, ó ṣeé ṣe kí aràn máa mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ojú kan péré, ẹ wá hóró koríko tàbí eérú tó kó sí i. Bó bá pọ́n, tó ń di funfun, tó sì ti ran òmíràn, àpólò tí eṣinṣin ń gbé kiri ni.

Ẹ se ìdajì lítà omi kó hó, ẹ fi ṣíbí tíì iyọ̀ kan sí i, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ fi òwú rẹ omi yìí nu ojú, òwú kan fún ojú kan. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ oògùn ojú tetracycline bí hóró ìrẹsì sínú ìpéǹpéjú, kí ẹnu páìpù má kan ẹyinjú. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún, kódà bó bá ti dà bí ẹni pé ó ti san. Ẹ má fi oògùn tó ní dexamethasone sí i láìjẹ́ pé dókítà wò ó. Bí egbò bá wà lórí ẹyinjú, ó lè mú kó lu. Ẹni tó bá sì fẹ́ da kẹrosíìnì sójú ewúrẹ́, kó kọ́kọ́ kán an sí tirẹ̀.

Ẹ so ó síbi òjìji, ẹ gbá ìgbẹ́ kúrò nítòsí kí eṣinṣin dín kù, ẹ fọ ọwọ́ yín. Bí ọjọ́ méjì bá kọjá láìsí ìyípadà, tàbí tí ẹyinjú bá ń wú síta, dókítà ló kù.