Àwọn àṣìṣe tí ó ń ba máńgòrò jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Tí àsìkò máńgòrò bá ti dé, kò sí àdúgbò tí ẹ ò ní í bá àwọn ọmọdé lábẹ́ igi, òkò lọ́wọ́, ojú lókè. Àwa àgbà náà ń ṣe é. Máńgòrò tí òkò bà, tàbí tó já lulẹ̀ gbì, lè má lápá kankan lára lọ́jọ́ náà. Ẹ fi sílẹ̀ di ọ̀túnla, kí ẹ wá là á: ibi tó fi lulẹ̀ á ti dúdú, á rọ̀ bí ẹ̀kọ, á sì máa rùn bí ọtí kíkan. Ìyá mi kì í gbà ká sọ òkò sígi. Ọ̀pá gígùn tó ní ìkọ́ lórí, tí a so àpò kékeré mọ́ lábẹ́, la fi ń ká a.

Ẹ má sì ká èyí tí kò tíì gbó. Èyí tó gbó, èjìká rẹ̀ á kún, ọrùn á dà bíi pé ó rì sáàárín. Èyí tí kò gbó kì í pọ́n dáadáa, rírọ ló máa rọ.

Ẹ jẹ́ kí igi ọrùn rẹ̀ kù tó oríkèé ìka kan. Bí ẹ bá já a mọ́dìí, oje á tú ṣàà. Oje yẹn ń jó èèpo dúdú, ó sì lè mú kí ètè ẹlòmíràn wú. Tó bá ti tú, ẹ dorí èso náà kodò kí oje ro tán, kí ẹ tó fi omi fọ̀ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ti kábáàdì tí àwọn kan fi ń mú máńgòrò pọ́n yìí dáadáa. Ohun tí àwọn wẹ́dà ń lò ni. Tí ọ̀rinrin bá kàn án, gáàsì tó ń tú jáde lára rẹ̀ ló ń pọ́n èso ní tipátipá. Èyí tó wà lọ́jà sábà máa ń ní àsẹ́níìkì nínú, májèlé gidi. NAFDAC ti kìlọ̀ lórí ẹ̀ léraléra. Máńgòrò tó pọ́n bákan náà yípo, tí kò ta sánsán, tí inú rẹ̀ ṣì le tó sì kan, ẹ fura sí i. Èyí tó gbó sórí igi, ẹ gbé ọrùn rẹ̀ súnmọ́ imú, òórùn rẹ̀ á sọ fún yín. Kí ló dé tí a kò lè dúró? Ẹ tò ó sínú apẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n kan sí i, láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti pọ́n.

Ẹni tó rà á lójú ọ̀nà Ìlọrin, tó dì í pinpin sínú ọ̀rá, kó tó dé Ìbàdàn á ti máa làágùn. Apẹ̀rẹ̀ tàbí páálí ló dáa.

Èyí tí kò tíì pọ́n kò gbọdọ̀ wọ fíríìjì. Òtútù tó bá ti kéré sí ìwọ̀n 13 lórí Sẹ́ńtígíréèdì ń pa á lára, adùn rẹ̀ kò ní jáde mọ́. Ó pọ́n tán ni kó tó wọlé síbẹ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ tètè gbé e síta díẹ̀ kí òtútù kúrò lára rẹ̀, nígbà náà ni òórùn rẹ̀ á padà wá.