Bí Mo Ṣe Tún Jẹnẹrétọ̀ Tó Ń Ròkè Ròdò Ṣe
Ohùn jẹnẹrétọ̀ wa kò dúró sójú kan mọ́: á lọ sókè, á tún wálẹ̀, iná gílóòbù á sì máa tẹ̀lé e. Àwọn aládùúgbò ní ó ti kú, ẹni tó ń bá wa tún un ṣe sì ní kí n pààrọ̀ ríǹgì àti písítìnnì inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ ọ̀rọ̀ wọn kò bá ohun tí mo fojú ara mi rí mu, nítorí pé kò yọ èéfín búlúù, kò sì jẹ ọ́ìlì, èyí tó sábà máa ń fi hàn pé ríǹgì ti jẹ. Ohun tó dá mi lójú jù lọ ni pé, bí mo bá ti fa ṣóòkì dé ìdajì, ìró rẹ̀ á dúró ṣinṣin. Ṣóòkì ń dín afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì kù; bí dídín afẹ́fẹ́ kù bá mú un dúró, á jẹ́ pé epo ni kò dé inú ẹ́ńjìnnì tó. Mo ti ẹnu epo pa, mo tú kabúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀, ní ìta gbangba, níbi tí kò sí iná, mo sì bá ìdọ̀tí nínú jẹ́ẹ̀tì, ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá. Okùn ọ̀rá tín-ín-rín ni mo fi yọ ọ́, torí wáyà líle lè mú kí ihò náà fẹ̀. Lẹ́yìn tí mo fọ̀ ọ́ tí mo sì dá a padà, ó ṣiṣẹ́ geere láìfa ṣóòkì, a kò sì ra ríǹgì kankan.