Bá a ṣe lè fi fótò gbèjà igún

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé lógójì ọdún á rántí báwọn igún ṣe máa ń tò sórí páànù lọ́dọ̀ àwọn alápatà, tá a máa ń jù wọ́n lókò. Ọmọ ọdún mẹ́wàá n'Ìbàdàn lónìí lè má tíì fojú kàn án rí. Láti 2015 ni àjọ IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo àwọn ẹranko àti ewéko, ti ka igún wa yìí, eléyìí tó kéré tórí ẹ̀ pá, mọ́ àwọn ẹyẹ tó kù díẹ̀ kó run pátápátá, májèlé ń pa á, àwọn tó ń fi orí ẹ̀ ṣoògùn náà ò sì jẹ́ ó sinmi. Ní Guinea-Bissau, láàárín 2019 sí 2020, èyí tí májèlé pa lé ní 2,000.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa kọ́kọ́ wá a ni odò ẹran, láàárọ̀ kùtù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Accra tàbí Kumasi lẹ jẹ̀gbádùn, ó ṣì pọ̀ lọ́dọ̀ yín. Kẹ́ ẹ tó yọ fóònù, ẹ kí àwọn alápatà dáadáa, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé ẹyẹ lẹ wá yà, torí wọ́n á rò pé wolé-wolé ni yín.

Lẹ́yìn náà ẹ jókòó sójú kan. Ẹ má ju ẹran sílẹ̀ fi tàn án, ẹ má sì máa lé e kó lè fò. Ẹ jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn yín, kẹ́ ẹ fọwọ́ tẹ ojú ẹ̀ lórí fóònù kó lè mú un dáadáa. Ojú yẹn gan-an lẹ̀ ń wá o! Bó bá fara balẹ̀, awọ ojú ẹ̀ á kàn pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, àmọ́ tí igún míì bá fẹ́ já ẹran gbà lẹ́nu ẹ̀ báyìí, kíá ló máa di pupa fòò. Ẹni tó bá rí i nítòsí bẹ́ẹ̀ kì í tún sọ pé igún burẹ́wà.

Ìtẹ́ ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ẹyin kan péré ló ń yé lẹ́ẹ̀kan.

Lokéṣọ̀n ńkọ́, ìyẹn ibi tẹ́ ẹ ti ya fótò, tí fóònù máa ń fi pa mọ́ sínú ẹ̀? Ẹ pa á nínú sẹ́tíńgì kámẹ́rà. Tẹ́ ẹ bá fi fótò ránṣẹ́ lórí WhatsApp lásán ó máa ń yọ ọ́ kúrò, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi document, gbogbo ẹ̀ ló bá a lọ. Mo gbé ọ̀kan sórí Facebook nígbà kan, mo kọ orúkọ àdúgbò sábẹ́ ẹ̀, kílẹ̀ tó ṣú ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí ti wọ inbox mi, mo rò pé fótò ló wù ú, ó ní “Ẹ̀gbọ́n, èló lorí ẹ̀?” Mo pa fótò yẹn rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gbé fótò òkú igún jáde, ìpolówó ọjà ló máa ń dà.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ sábẹ́ ẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ fi gírámà sílẹ̀. “A kì í pa igún, a kì í jẹ igún,” àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ tipẹ́, “Láìrígún, a ò gbọdọ̀ ṣẹbọ” náà wà níbẹ̀, ẹ wá bi àwọn tó ń kà á pé tá ò bá wá rí i mọ́ ńkọ́?

Kẹ́ ẹ wá tẹ fótò náà jáde sórí pépà, torí àwọn tọ́rọ̀ kàn gan-an ò sí lórí Instagram. Mo mú tèmi lọ bá màmá kan tó ń ta èlò oògùn lọ́jà. Wọ́n gbà á, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, “Àṣé bójú ẹ̀ ṣe rí rèé? Òkú ẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé wá bá wa.”